Òwú Lọ́wọ́, Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọ̀rọ̀ kan ti ń yí mi lọ́kàn. Bí mo bá ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ó wà níbẹ̀. Bí mo bá dùbúlẹ̀ lálẹ́, ó tún wà níbẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ní ohun kan tó ń dùn ún nínú. Gbogbo wa la mọ̀. Oúnjẹ ń ṣẹ́kù nínú àwo rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ ti dín kù, ó sì ń pẹ́ jù nínú balùwẹ̀. Ìyá rẹ̀ bi í títí, kò sọ. Èmi náà pè é sí pálọ̀, mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo ní kó jókòó, kó wo ojú mi, kó sọ ohun tó ń ṣe é. Ó ní, "Kò sí nǹkan kan, Dádì."

Lẹ́yìn náà la lọ sí Ìpẹru ní Rẹ́mọ, níbi tí ìyá mi ń gbé, fún ìsinmi àárín táàmù. Láàárín ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo, ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ìyá mi, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Màámi ò bi í léèrè ohun tó ń ṣe é.

N kò jowú. Ìyá mi ni, ọmọ mi ni. Ibikíbi tí ọ̀rọ̀ wọn bá ti pàdé, èrè tèmi ni. Àmọ́ mo fẹ́ mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Kí ló wà ní ẹ̀yìnkùlé Ìpẹru tí kò sí ní pálọ̀ wa l'Ékòó? Ìfẹ́ kọ́, torí ìfẹ́ wà ní ilé méjèèjì. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo wá rí i pé ohun tó ṣe é ò ju òwú súwẹ́tà lọ, àti ibi tí ojú wà nígbà tí ẹnu ń sọ̀rọ̀.

## Súwẹ́tà tó ti rí òtútù

Màámi ń hun aṣọ òtútù fún ọmọ tuntun: fìlà, ìbọ̀sẹ̀, súwẹ́tà kékeré tó ní bọ́tìnnì níwájú. Nínú ẹbí wa, kò sí ọmọ tí wọ́n bí lásìkò ọyẹ́ tí kò wọ ọ̀kan nínú rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni wọ́n ti kọ́ ọ, láyé tí àwọn ọmọbìnrin ń fi igi ìgbálẹ̀ hun òwú torí pé kò sówó abẹ́rẹ́. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ní kẹ̀kẹ́ á wá sípóòkì méjì, á pọ́n orí rẹ̀ lórí òkúta, ó di abẹ́rẹ́. Èyí tí Màámi ń lò báyìí, wọ́n rà á lọ́jà ni. Ṣùgbọ́n wọn ò ra òwú tuntun rí lójú mi. Wúùlù tuntun tó wà lọ́jà Fálàwò ní Ṣágámù, àwọn onídìrí ló ń rà á jù, wọ́n fi ń dirun fáwọn ọmọge. Màámi ní orí gan-an ló yẹ, pé kò yẹ kó kan ara ọmọ-ọwọ́.

Ìdí òkìríkà ni wọ́n ń lọ. Wọ́n á wá súwẹ́tà tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́: èyí tí ìgbúnwọ́ rẹ̀ ti lu, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ò yẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n á yí inú rẹ̀ síta, wọ́n á wo ibi tí wọ́n ti rán an lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló gé e kí wọ́n tó rán an pọ̀, wọ́n á jù ú sílẹ̀, torí jíjá ni òwú rẹ̀ á máa já lójú ìlà kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ pé ṣe ni wọ́n hun apá lọ́tọ̀, tí wọ́n hun àyà lọ́tọ̀, tí etí rẹ̀ pé, a jẹ́ pé tí wọ́n bá ti rí ìdí òwú níbi ọrùn, wọ́n lè fà á dé ìsàlẹ̀ láìjá. Mo ti rí olókìríkà kan tí ẹnu rẹ̀ ò lè pa dé bó ṣe ń wo ìyá arúgbó tó ń fa ọrùn ọjà rẹ̀ tú. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ní ti Màámi, òwe kọ́ o. Àkísà náà kún àpótí wọn.

Òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú máa ń ká kò, torí ó ti pẹ́ nínú ojú tí wọ́n hun ún sí. Wọ́n á ká a mọ́ ẹ̀yìn àga, wọ́n á so ó níbi bíi mẹ́rin kó má baà lọ́ pọ̀, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ, wọ́n á gbé e kọ́ okùn aṣọ, wọ́n á wá fi agolo mílíìkì tí wọ́n bu iyanrìn sí so mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi nà. Ìgbà náà ni wọ́n máa ń wá ẹni tí yóò na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí wọ́n fi òwú náà kọ́ ọ lọ́wọ́, kí wọ́n máa ká a di bọ́ọ̀lù.

Ìlú tí àwọn súwẹ́tà náà ti wá, ìgbà ìwọ́wé ni wọ́n wà lásìkò tí mò ń wí yìí. Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní England, ó sì máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí WhatsApp ẹbí: igi tí gbogbo ewé rẹ̀ ti pọ́n, àwọn ọmọ rẹ̀ nínú bàtà òjò, tí wọ́n ń ṣa èso tó jábọ́ ní páàkì. Lọ́jọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá, wọ́n á dá aago padà ní wákàtí kan, láti ìgbà náà ni ilẹ̀ á ti máa ṣú kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù. Òun náà ti ra abẹ́rẹ́ àti òwú, ó ń wo fídíò kọ́ bí wọ́n ṣe ń hun ún. Ó ní ayé ìrọ̀rùn lòun ń wá báyìí. Màámi gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n wo fọ́tò igi náà pẹ́ títí, wọ́n ní, "Ta ló ń gbá gbogbo ewé yìí?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà mọ́gbọ́n dání. Nínú fọ́tò ayé ìrọ̀rùn, kì í sí ẹni tó ń gbálẹ̀.

Àwa náà ní àsìkò tiwa tó jọ ọ́, a kàn kì í ya fọ́tò rẹ̀ ni. Ní ìparí oṣù Kẹwàá ní Rẹ́mọ, òjò ti ń palẹ̀ mọ́, ìrì ń pọ̀ lórí koríko láàárọ̀, obì ti gbó lórí igi. Tó bá fi máa di oṣù Kejìlá, atẹ́gùn á ti yí padà, á máa gbé eruku bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ètè á máa bó, ewé tíìkì á gbẹ, á máa já bọ́, á sì máa dún wàráwàrá lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé. Ọyẹ́ tiwa ò le tó ti Kano, torí òkun ò jìnnà sí wa. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ò mọ ìyẹn ṣá.

## "Gbé ọwọ́ òsì sókè díẹ̀"

A ti oko obì dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni. Ìyàwó mi ń wẹ̀, èmi wà ní kíṣìnnì, mò ń fọ ìkòkò. Fèrèsé kíṣìnnì náà ṣí sí ẹ̀yìnkùlé, ibẹ̀ ni Màámi jókòó sí. Mo gbọ́ tí wọ́n pè é: "Àkànní, ọkọ mi, wá bá mi mú òwú."

Ó gbé àpótí, ó jókòó síwájú wọn, ó na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n fi òwú búlúù kan kọ́ ọ lọ́wọ́. Fóònù rẹ̀ ń gbọ̀n nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, kò rí nǹkan ṣe sí i. Wọ́n dákẹ́. Mo ń gbọ́ tí Màámi ń kùn orin ìsìn kan sínú imú. Kò pẹ́ kò jìnnà, ọmọ náà sọ ọ́. Kò gbé ohùn sókè, kò sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

"Màmá Ìpẹru, mi ò lẹ́nì kankan ní skúùlù mọ́."

Màámi ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Gbé ọwọ́ òsì sókè díẹ̀, ó ti fẹ́ yọ."

Ó gbé e sókè. "Látìgbà tí ọ̀rẹ́ mi ti kó lọ sí Ìbàdàn ni. Tí wọ́n bá ti ní ká lọ ṣeré, ẹ̀yìn láàbù ni mo máa ń lọ jókòó sí títí agogo á fi lù."

"Ẹ̀yìn láàbù. Ṣé ibòji wà níbẹ̀?"

"Ó wà, mà."

"Ó dáa." Òwú ń yí. "Ta ló wá ń jókòó sí àyè ọ̀rẹ́ rẹ ní kíláàsì báyìí?"

"Kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀. Báàgì mi ni mo máa ń gbé síbẹ̀, kó má baà dà bíi pé kò sẹ́ni."

Ọwọ́ mi dúró nínú ìkòkò. Ọmọ tí mo bí, tó ń gbé báàgì sórí àga kí àga má baà ṣófo.

Màámi tún ká òwú fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Nígbà tí bàbá-bàbá rẹ gbé mi wá síbí láti Ìjẹ̀bú-Igbó, mi ò mọ ẹnì kan. Tí mo bá ti lanu báyìí, àwọn ìyàwó ilé á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ohùn mi wúwo. Ni mo bá panu mọ́. Ẹ̀yìn ilé yìí gan-an ni mo máa ń wá jókòó sí, níbi tí wọ́n ti ń bó obì, torí tí mo bá ti ń bó obì, kò sẹ́ni tó máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀."

"Ṣé ó pẹ́ kó tó tán?"

Mo rò pé wọ́n máa ní kò pẹ́. Gbogbo àgbà tí mo mọ̀ ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fọ́mọ.

"Ó pẹ́," ni Màámi wí. "Má jẹ́ kọ́wọ́ ọ̀tún ẹ sún mọ́ tòsì, á lọ́ pọ̀."

N kò jáde síta. Ọ̀rọ̀ méjì tí n kò gbọ́ rí látọjọ́ tí mo ti dáyé ni mo gbọ́ lójú fèrèsé yẹn: ti ọmọ mi, àti ti ìyá mi. Mo ti ju ọmọ ogójì ọdún lọ, n kò mọ̀ pé wọ́n fi ohùn Màámi ṣe yẹ̀yẹ́ rí nínú ilé tí wọ́n bí mi sí.

## Ṣé ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́?

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Kò sí òwe tí mo ń lò tó o. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yá mi lówó, mo ní ká ríra. Bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá délẹ̀, mo ní fóònù ò tó. N kò sì ní yí ohùn padà lórí ìyẹn. Láàárín àgbà méjì tí ọ̀rọ̀ ajé tàbí ọ̀rọ̀ àna pa pọ̀, ẹni tí kò jẹ́ kí o rí ojú òun ní ohun tó ń fi pamọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí a ṣe ń tọ́ ọmọ. Láti kékeré la ti ń kọ́ ọ pé ọmọ tó bá ń wo àgbà lójú kòró, ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ni. Tó bá ń kí wa, ó dọ̀bálẹ̀, ilẹ̀ ló ń wò. Tí a bá ń bá a wí, orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá tí a ti fi kọ́ ọ báyìí, a wá pè é sí pálọ̀ lọ́jọ́ tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, a ní, "Wo ojú mi." Kí ọmọ náà ṣe èwo? Ẹ tún rò ó wò: ta la ti gbọ́ pé ó sọ "wo ojú mi" fún ọmọ torí pé ó fẹ́ yìn ín? Ọ̀rọ̀ tó ń ṣáájú ìgbátí ni. Ọmọ tó bá gbọ́ ọ, ìdáhùn tó máa yára gbé e kúrò lórí àga yẹn ló máa wá, "kò sí nǹkan kan" ló sì yá jù.

Ní ẹ̀yìnkùlé, ojú Màámi wà lára bọ́ọ̀lù òwú, ojú ọmọ wà lára ọwọ́ ara rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà ò wúwo, torí iṣẹ́ ń lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá sì fẹ́ le jù, "gbé ọwọ́ òsì sókè" wà níbẹ̀ tí èèyàn lè sá sí kó sinmi díẹ̀. Òwú náà tún ní òpin: àwọn méjèèjì mọ̀ pé tó bá ti ká tán, ìjókòó tán, kò sẹ́ni tó máa dá ẹnikẹ́ni dúró pé kó ṣàlàyé sí i.

Ohun tí mo tún gbà pé ó jù gbogbo ìyẹn lọ ni pé Màámi nílò ọmọ náà. Láìsí ọwọ́ rẹ̀, òwú ò lè ká. Ní pálọ̀ mi, ẹlẹ́jọ́ ni. Ní ẹ̀yìnkùlé, olùrànlọ́wọ́ ni. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ọ̀pọ̀ wa sì rò pé ẹ̀sọ̀ ni kí èèyàn rẹ ohùn sílẹ̀, kó máa pe ọmọ ní olólùfẹ́. Màámi ò rẹ ohùn sílẹ̀. Ìdajì ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá a sọ, àṣẹ lórí òwú ni.

Mo tún wá ń rò ó pé yàrá olùdámọ̀ràn tó wà láwọn ilé-ìwé wa, àga méjì ló máa ń wà níbẹ̀, wọ́n á kọjú síra, tábìlì á wà láàárín. Bí wọ́n bá bi mí, mo máa ní kí wọ́n gbé àpò ẹ̀wà kan síbẹ̀ tó nílò ṣíṣà.

## Ìdí obì

Bí mo ṣe ń rò ó, mo rí i pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú fèrèsé yẹn kì í ṣe tuntun rárá ní Rẹ́mọ. Ìdí obì la ti tọ́ mi.

Ẹni tó bá mọ Ṣágámù mọ̀ pé obì ló gbé orúkọ rẹ̀ dé òkè Ọya. Gbànja ni, olójú méjì, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní góórò. Kì í ṣe àbàtà olójú mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a fi ń wúre. Àbàtà la bá nílẹ̀. Ní ti gbànja, àwọn àgbẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín káàkiri ilẹ̀ wa bíi nǹkan ajé, tí àwọn oníṣòwò Sábó sì ń kó o lọ sí Kano. Láti oṣù Kẹwàá títí dé oṣù Kejìlá ni àkókò rẹ̀ gan-an. A ó fi dòjé tí a so mọ́ orí ọ̀pá gígùn já a, a ó fi àdá la èèpo rẹ̀, a ó kó hóró rẹ̀ jáde pẹ̀lú awọ funfun tó bò ó. A ó rẹ ẹ́ sínú omi títí awọ náà á fi rà, a ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò, a ó wá kó o sínú agbọ̀n tí a tẹ́ ewé sí, a ó sì fi ewé bò ó kó má gbẹ.

Bíbó rẹ̀ ló ń gba ọwọ́. Ẹ̀rọ ò bá a wí, ẹnì kan ṣoṣo ò sì lè dá a ṣe kó tó bàjẹ́. Nítorí náà, àwọn obìnrin á pagbo, àwọn ọmọdé á jókòó sí àárín wọn, gbogbo ojú á wà nínú abọ́. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ẹni tó lóyún, ẹni tó jẹ gbèsè, ìdí tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan kò fi wá sílé mọ́. Kò sẹ́ni tó pè mí jókòó pé òun fẹ́ sọ ìtàn ẹbí fún mi.

N kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rò pé mò ń fi oyin pa á o. Obì a máa pa ọwọ́ láró tó ń pẹ́ kó tó ṣí, ẹ̀yìn a máa roni, ẹ̀fọn á sì jẹ èèyàn yó. Agbo tó ń tú àṣírí yìí náà ló ba ìgbéyàwó àǹtí mi kan jẹ́, torí ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ láìwojú ẹnikẹ́ni, ó lè sọ ohun tí kò rí. Nǹkan tó bá ń ṣí ẹnu kì í yan ọ̀rọ̀ tó máa jáde.

Bàbá mi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn, kì í jókòó ti agbo obì. Ọ̀nà oko ni tiwọn. Ọ̀nà náà tóóró, èèyàn méjì ò lè rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Wọ́n á ṣáájú, èmi á tẹ̀lé. Ẹ̀yìn ọrùn wọn ni mo ń wò lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún mi pé owó yunifásítì mi ti pé, àti ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ti yá a. Ẹ̀yìn ọrùn yẹn náà ni mo ń wò lọ́jọ́ tí wọ́n sọ pé dókítà ní àwọn ò gbọ́dọ̀ gun igi mọ́. Nínú ilé, tí wọ́n bá pè mí, iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ rán mi.

Kí abẹ́rẹ́ súwẹ́tà tó dé rárá, àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú ti ń hun ìtagbè, aṣọ oníṣẹ́-ọnà tí àwọn olóyè Òṣùgbó ń gbé kọ́ èjìká. Òfì tó dúró lóòró nínú ilé ni wọ́n ń lò, kì í ṣe òfì tí àwọn ọkùnrin ń na okùn rẹ̀ gùn lọ síta. Obìnrin á jókòó sílẹ̀, á kọjú sí aṣọ, ilé á wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ á máa lọ, wọ́n á máa bọ̀. Aṣọ náà rìn jìnnà, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Niger Delta, òyìnbó náà sì rà á létí òkun. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀ nípa ọnà tó wà lára rẹ̀. Èmi ń ronú nípa àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn òfì yẹn.

## Fóònù ńkọ́?

Ìyàwó mi ò gbà fún mi tán. Ó ní tó bá jẹ́ pé ká má wojú ara wa ni, ṣebí ojú ọmọ náà wà lára fóònù láti àárọ̀ dalẹ́, kí ló dé tí kì í sọ̀rọ̀? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn mi ni pé òwú ń gba ọwọ́ àti ojú, ó fi etí sílẹ̀. Fóònù ń kó gbogbo rẹ̀ lọ. Òwú kì í sọ̀rọ̀ padà. Kì í sì í mú ọ̀rẹ́ tó wà n'Íbàdàn wá sáàárín ìwọ àti ẹni tó jókòó tì ọ́.

Ohun tó jọ òwú l'Ékòó ni ọkọ̀. Mo ti ń ṣàkíyèsí rẹ̀ báyìí: tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú wa lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí èmi ń wo ẹ̀yìn tírélà, tí òun náà ń wo ẹ̀yìn tírélà, ó máa ń sọ nǹkan. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí màá dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn onítírélà.

Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé rẹ̀ ò tíì yanjú. A ò lọ fẹjọ́ sun tíṣà, torí òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ wá pé ká má lọ. Ó ṣì ń lọ sẹ́yìn láàbù lọ́jọ́ mìíràn, ó sì ń sọ fún wa. Ohun tó yí padà nìyẹn, kò tíì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ní kí Màámi kọ́ òun. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ méjì, wọ́n dá ogún ojú sílẹ̀ fún un, ó ti di nǹkan gígùn kan tó fẹ̀ níhìn-ín tó tún há lọ́hùn-ún, tí ojú tó já wà nínú rẹ̀ káàkiri. Aládùúgbò wa kan rí i níwájú ilé, ó ní ṣé ọkùnrin máa ń hun súwẹ́tà ni. Mo bi í léèrè pé ta ló hun aṣọ òkè tó wọ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú bàbá rẹ̀. Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti hun ún, ọkùnrin ló sì hun ún. Ó wọlé lọ.

## Ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé

Ohun tó wá kù nílẹ̀ ni ilẹ̀ gan-an. Látìgbà tí pápákọ̀ òfuurufú ti bọ́ sáàárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn, owó ilẹ̀ agbègbè wa ti gòkè kọjá ohun tí bàbá mi lè gbà gbọ́. Àwọn tó ń kọ́lé tà ti wá sọ́dọ̀ Màámi, wọ́n gbé mótò tó ń dán dé, wọ́n pè wọ́n ní "Mọ́mì wa". Oko obì tó wà lẹ́yìn ilé títí dé ọ̀nà odò ni wọ́n ń fẹ́. Igi ibẹ̀ ti darúgbó, òmíràn ò so dáadáa mọ́, àwa ọmọ sì ti túká. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ìwà òmùgọ̀ ni kí ilẹ̀ tó tó báyìí wà lábẹ́ obì. Wọ́n ní kí n kọ iye tí obì mú wọlé ní àkókò yìí, kí a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí wọ́n ń pe pílọ́ọ̀tì kan.

Mo ti kọ ọ́. Kò sí ìjà nínú iye méjèèjì, ọmọdé tó bá mọ ìṣirò á rí èyí tó pọ̀ jù. Owó ilé ìwòsàn Màámi sì ń pọ̀ sí i; n kò ní ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ò nídìí. Àbá tí mo dá ni pé ká ta apá ọ̀nà odò, ká fi èyí tó kan ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ pẹ̀lú igi tó ṣì ń so níbẹ̀. Màámi gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọn ò tíì sọ tiwọn. Tí mo bá bi wọ́n, wọ́n á ní kí n wo òwú tó wà lẹ́sẹ̀ mi, kí n má tẹ̀ ẹ́.

Mo fi ìwé ìṣirò náà ránṣẹ́ sí WhatsApp ẹbí lánàá, mo sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé bó bá jẹ́ gbogbo ilẹ̀ ni, èmi ò ní buwọ́ lùwé. Ẹ̀gbọ́n mi ti fèsì. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe ti orí fóònù, pé ká pàdé ní Ìpẹru lọ́dún Kérésì, ká jókòó, ká wojú ara wa. Mo ní kò burú. Mo ní kí wọ́n bọ́ aago ọwọ́ wọn sílé, torí agbọ̀n obì mẹ́ta ló máa wà nílẹ̀ tí a ò tíì bó.